Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Àwọ̀n Abẹ́ Afárá

Ní oṣù Kínní ọdún 1933, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí afárá Golden Gate ní San Francisco. Láyé ìgbà náà, àwọn agbaṣẹ́ṣe ti fi ọkàn sí i pé bí afárá bá ná mílíọ̀nù dọ́là kan, ẹnì kan á kú sí i. Wọ́n ń ka ikú mọ́ ìnáwó. Afárá yìí sì máa ná bíi mílíọ̀nù 35. Ẹ ṣírò rẹ̀.

Joseph Strauss, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí òṣìṣẹ́ máa dé akoto. Ẹni tó bá ń dárà lórí irin kí wọ́n lè máa wò ó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n ta àwọ̀n ńlá sábẹ́ afárá. Owó rẹ̀ lé ní 130,000 dọ́là. Ènìyàn 19 já sínú àwọ̀n yìí, wọn ò kú. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Àárín Ọ̀nà Ọ̀run Àpáàdì. Àwàdà oníṣẹ́ irin nìyẹn!

Bí ẹ bá pàdé ọ̀kan nínú wọn, "Ẹ káàsán" nìkan kò tó. "Ẹ kú ewu" la fi ń kí ẹni tó yọ nínú ewu, àti ìyá ọlọ́mọ tuntun pẹ̀lú. Àwọn àgbà a sì fi kún un pé: "Ewu iná kì í pa àwòdì." Àwòdì a máa rà bàbà lókè igbó tó ń jó, iná kò ní í rí i mú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí. Ìṣọ́ra: ì + ṣọ́ + ara. Ara mi ni mo ń ṣọ́. Ààbò yàtọ̀: ẹlòmíràn ló lè fi bò mí. Akoto wà lórí òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kò lè fi owó oṣù rẹ̀ ra àwọ̀n. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n bá ti ń sọ ìṣọ́ra nìkan, ọ̀gá ti ń bọ́ ẹrù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀ nìyẹn.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1937, ẹnì kan péré ló kú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì, pẹpẹ tí wọ́n ń dúró lé ṣiṣẹ́ já, ó fa àwọ̀n ya. Ènìyàn 12 bá a lọ, 10 kú. Àwọ̀n náà lè gba ènìyàn. Kò lè gba pẹpẹ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè
1. Ta ló yẹ kó yẹ pẹpẹ wò: òṣìṣẹ́ ni àbí ọ̀gá? Lo ìṣọ́ra àti ààbò nínú ìdáhùn rẹ.
2. Báwo lo ṣe máa kí àwọn méjì tó yè?