Jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn

ÌBÉÈRÈ: Ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi wà lókè ilé ìtajà àtijọ́ kan ní Ìlọrá. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní, jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, irin sì bo gbogbo fèrèsé. Bí iná bá sọ ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Kí iná tó dé ọ̀dọ̀ yín, èéfín á ti gba àtẹ̀gùn yẹn gòkè, ojú kò sì ní ríran mọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, 1979, fóòmù àga gbiná ní ilé ìtajà Woolworths ní Manchester. Ènìyàn 10 kú, irin ojú fèrèsé sì dí àwọn panápaná lọ́wọ́. Nítòsí wa níbí, ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jóná ní oṣù Kínní, 2020.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jáde lónìí, ẹ má dúró de onílé. Èéfín rẹ̀ nìkan lè pani láìsí iná rárá. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo ayálégbé jọ bá onílé sọ̀rọ̀: kí ó la ihò ńlá sí òkè àtẹ̀gùn kí èéfín lè rí ibi jáde, kí irin fèrèsé kan ó kéré tán ṣeé ṣí láti inú láìsí kọ́kọ́rọ́. Àtẹ̀gùn kejì látìta ló dára jù, bó tilẹ̀ wọ́n.

Bí èéfín bá ti kún àtẹ̀gùn, ẹ má wọ inú rẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, ẹ lọ sójú fèrèsé, kí ẹ sì pe 112.