Ẹ̀rọ Agbẹ́gi Àfọwọ́ṣe àti Ìdánwò Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi jẹ́ ti ọmọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ó ní làákàyè, bí a tilẹ̀ rán an ní iṣẹ́ tí kò gún, yóò tún un ṣe lójú ọ̀nà kí ó tó jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ kan wà ní ayé òde òní tí kò mọ òwe yìí. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ ẹrú, ti ẹrú náà ni yóò jẹ́. Bí a bá ní kí ó gbẹ́ ibi tí kò yẹ, yóò gbẹ́ ẹ láìwẹ̀yìn. Ìránṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CNC. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ bí ènìyàn ṣe lè kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, a ó sì fi hàn pé kíkàn án kò ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ìdánwò ni ìdajì kejì.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tí ó já bọ́ láti ọ̀run. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ará Amẹ́ríkà kan, John Parsons, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe abẹ́bẹ̀ hẹlikọ́pítà ní ìpínlẹ̀ Michigan, ronú pé iye tí a kọ sílẹ̀ lè máa darí ẹ̀rọ ìgbẹ́rin dípò ọwọ́ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ni wọ́n sọ èrò náà di ohun tí ojú rí. Ní ọdún 1952 ni wọ́n sì fi ẹ̀rọ náà han àwọn ènìyàn. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a dá ihò sí lára ni ó ń kà. Ní àkókò náà, ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni agbára wọn ká irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ń jẹ́ Arduino jáde ní ìlú Ivrea, ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí ó di ọdún 2009, Simen Svale Skogseth, ará Norway, bẹ̀rẹ̀ sí kọ Grbl, èyí tí ó ń mú kí pátákó kékeré náà lè darí ẹ̀rọ agbẹ́gi, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó. Irú nǹkan báwọ̀nyí ni ó mú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá wọ inú ilé oníṣẹ́ ọwọ́.

Apá mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà pín sí. Èkíní ni ara rẹ̀: tábìlì tí a ó de pákó mọ́, àti afárá tí ó gba orí tábìlì náà kọjá. Afárá yìí ń lọ síwájú, ó sì ń bọ̀ sẹ́yìn lórí irin méjì bí ọkọ̀ rélùwéè. Lára afárá ni mọ́tò tí ń yí bíìtì wà. Ó ń lọ sọ́tùn-ún àti sósì, ó sì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Èkejì ni àwọn mọ́tò kéékèèké tí ń fa ara náà káàkiri. Mọ́tò onígbésẹ̀ ni wọ́n: ìgbésẹ̀ 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Àpótí tí ń fún wọn ní iná lè pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 8, kí ó di 1,600. Bí ọ̀pá skúrù tí mọ́tò ń yí bá ń ti afárá lọ ní mìlímítà 5 fún ìyípo kan, a ó pín 1,600 sí ọ̀nà 5, a ó sì rí i pé ìgbésẹ̀ 320 ni ó wà nínú mìlímítà kan. Ẹ̀kẹta ni mọ́tò tí ń yí bíìtì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ spindle.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí spindle yìí, nítorí òun ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní agbára kílówáàtì 2.2, ó sì lè yí ní ìgbà 24,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa kò lè yí i tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ìgbà 50 ni iná náà ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìṣẹ́jú kan, èyí jẹ́ 3,000 péré. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àpótí kan tí ń jẹ́ VFD sí àárín iná àti mọ́tò, kí ó lè sọ 50 náà di 400. Bí a bá sọ 400 di ìlọ́po 60, a ó rí 24,000. A gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí náà pé mọ́tò ti 400 ni a so mọ́ ọn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bí ẹni pé mọ́tò ti 50 ni, iná tí yóò wọ inú mọ́tò yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, mọ́tò yóò sì jó kí ó tó gbẹ́ igi kankan.

Ohun tí ó bá ń yí kíákíá báyìí kò lè ṣe kí ó má gbóná. Àwọn spindle kan ń fi abẹ́bẹ̀ fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ariwo wọn pọ̀. Èyí tí a ń sọ yìí, omi ni a fi ń tù ú. Pọ́ńpù kékeré kan ń ti omi láti inú ike gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ara mọ́tò. Omi náà a gba ooru, a sì padà sínú ike. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí lítà omi kan tó lè gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius kan, ó gbọ́dọ̀ gba nǹkan bí júùlù 4,180. Bí mọ́tò bá ń sọ wáàtì 200 di ooru, tí ooru náà kò sì rí ibòmíràn lọ, omi lítà 5 yóò gbóná sí i ní ìwọ̀n 10 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 17, ṣùgbọ́n omi lítà 20 yóò gbà tó ìṣẹ́jú 70. Nítorí náà ike ńlá sàn ju ike kékeré lọ. Irú omi tí a ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀ ni ó yẹ kí a lò, nítorí omi kànga a máa fi ẹ̀fun sílẹ̀ nínú ihò tóóró. Ẹ má sì ṣe da yìnyín sínú rẹ̀. Ìrì yóò sẹ̀ sí ara mọ́tò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sẹ̀ sí ara ìgò omi tútù, omi àti iná kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́.

Nígbà tí a bá ti kan ẹ̀rọ náà tán, inú ẹni tí ó kàn án a máa dùn, ọwọ́ a sì máa yún un láti fi pákó tí ó dára sí i. Níhìn-ín ni ọlọ́gbọ́n àti aláìgbọ́n ti ń pínyà. Aláìgbọ́n a gbẹ́kẹ̀lé iṣẹ́ náà nítorí pé òun ni ó ṣe é. Ọlọ́gbọ́n a yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò bí ẹni pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a ó máa dánwò lẹ́ẹ̀kan, kí a lè mọ ibi tí àléébù bá ti wá.

Iná àti omi ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A ó rí i dájú pé wáyà áàtì wà lára spindle àti lára férémù, kí iná tí ó bá ṣìnà lè wọ inú ilẹ̀ lọ dípò kí ó gba ara ènìyàn. Bọ́tìnì pupa tí ń pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí ọwọ́ tètè lè dé. Lẹ́yìn èyí, a ó jẹ́ kí pọ́ńpù ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí láìtan mọ́tò, a ó sì tẹ́ bébà gbígbẹ sí abẹ́ gbogbo oríkèé rọ́bà. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yóò hàn lórí bébà. Ìgbà tí bébà bá gbẹ délẹ̀ ni a tó lè tan mọ́tò, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyára kékeré, kí a sì máa wo ooru omi bí a ti ń fi kún un.

Ìdánwò tí ó tẹ̀lé e ni ti ìrìn. A ó ní kí ẹ̀rọ náà rin mìlímítà 200, a ó sì fi kálípà wọn ibi tí ó dé. Bí ó bá jẹ́ 199.5 ni ó rìn, a ó sọ 320 di ìlọ́po 200, a ó pín in sí ọ̀nà 199.5, a ó sì rí 320.8; èyí ni iye ìgbésẹ̀ tuntun tí a ó kọ fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí ẹ̀rọ ti máa wá nígbà tí a bá ń wọn èyí. Bí ó bá ti ọ̀tún wá, tí ó tún ti òsì wá, tí ibi tí ó dúró sí kò sì bára mu, àlàfo wà láàárín skúrù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Kò sí ìṣírò tí ó lè dí àlàfo náà bí kò ṣe pé kí a tún ibẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn ìrìn ni ti igun. A ó ní kí ẹ̀rọ fi ojú bíìtì sàmì mẹ́rin sórí pákó, kí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ mìlímítà 300, kí èkejì jẹ́ 400. Bí igun rẹ̀ bá gún régé, láti igun kan dé igun tí ó dojú kọ ọ́ yóò jẹ́ 500 ní ìhà méjèèjì. Bí ìhà kan bá jẹ́ 501, tí èkejì sì jẹ́ 499, afárá náà ti wọ́: ní ìwọ̀n mìlímítà 400, yóò fi nǹkan bí 1.7 yà kúrò lójú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn àpótí tí a bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gé kò ní pa dé láéláé. Ẹ rántí pé ìgbésẹ̀ 320 ni a kà nínú mìlímítà kan lórí ìwé. Ohun tí ó wà lórí ìwé ni ìlérí; ohun tí ó wà lórí pákó ni òtítọ́.

Ìgbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni gígbẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ yóò gbẹ́: a ó gbé bíìtì sókè kúrò lórí tábìlì, kí ó rin gbogbo ìrìn iṣẹ́ náà láìkan ohunkóhun. Bí ó bá fẹ́ kọlu irin tí a fi de pákó mọ́lẹ̀, ìgbà yìí ni a ó rí i, kì í ṣe ìgbà tí bíìtì bá ti ṣẹ́ tí ó sì ń fò sí ojú ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni fóòmù líle, lẹ́yìn fóòmù ni igi. Ìyára ìrìn náà ní ìṣírò tirẹ̀. Bí bíìtì eléyín méjì bá ń yí ní ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí eyín kọ̀ọ̀kan sì ń bu mìlímítà 0.05, ìrìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá fi ìbẹ̀rù rìn ní 300 kò ṣe bíìtì náà lóore, nítorí kò ní bu igi mọ́, yóò kàn máa ha á ni. Igi yóò dúdú, èéfín yóò sì yọ. Awò ojú àti ìbòmú ni kí a lò, nítorí ìyẹ̀fun ìrókò kì í ṣe ohun tí a ń fà sí imú. Bí iná bá sì lọ lójijì ní àárín iṣẹ́, ẹ̀rọ náà kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ padà lọ fọwọ́ kan ibi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rán an ní iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé irú ẹ̀rọ yìí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu gbẹ́nàgbẹ́nà. Òtítọ́ ni pé yóò gba iṣẹ́ tí a ń ṣe ní àṣetúnṣe, bíi gígé igi ogójì tí wọ́n rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ibi tí igi gbé ní kókó, kò mọ ibi tí ó lè là, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín apá àti igi tútù tí oòrùn kò tíì gbẹ. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ gbẹ́ igi rí ni ó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó rán ẹ̀rọ ju ti àtijọ́ lọ. Ìránṣẹ́ tí kò lè fi ti ẹrú jẹ́ ti ọmọ, ti ọmọ ni kí a rán an.

Ìbéèrè
1. Báwo ni òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ṣe bá ẹ̀rọ agbẹ́gi mu?
2. Ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ so spindle mọ́ iná ilé láìsí VFD láàárín wọn.
3. Ẹ̀rọ kan rin mìlímítà 201 nígbà tí a ní kí ó rin 200. Bí ìgbésẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 320 nínú mìlímítà kan, ṣírò iye tuntun tí ó yẹ kí a kọ.
4. Kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí ó sọ pé ohun tí ó wà lórí ìwé ni ìlérí?
5. Kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Ẹ̀rọ kò lè lé ọlọ́gbọ́n ọwọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.”