Iṣẹ́ Wíwá ní Ìlú Ọba: Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde

Ọdún kan péré ni ọ̀pọ̀ másítà ní Ìlú Ọba, kì í sì í pẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó dé lóṣù Kẹsàn-án ló ń rò pé àwọn á kàwé tán ná, kí àwọn tó wá iṣẹ́ gidi. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí wọ́n dé yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn mìíràn á sì ti ti ilẹ̀kùn kí Kérésì tó dé. Oṣù tí ẹ bá dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ òòjọ́
Físà akẹ́kọ̀ọ́ dígírì gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀, gbogbo iṣẹ́ yín ni wọ́n sì ń rò pọ̀. Bí ẹ bá ṣe wákàtí 12 nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ẹ tún ṣe 10 nílé ìkẹ́rùsí, ẹ ti rú òfin, kódà bí ẹ kò bá ṣiṣẹ́ rárá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ara rẹ̀: dídi irun fún oníbàárà, kéèkì títà àti gbígbé oúnjẹ kiri lórí áàpù wà nínú rẹ̀.

Agbanisíṣẹ́ á béèrè share code, ìyẹn kóòdù tó ń fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì ìjọba. Lẹ́tà W ni ti iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 90.

CV
Ojú ìwé méjì ti tó. Ẹ yọ fọ́tò, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yín kúrò. Wọn ò mọ àgùnbánirọ̀ níbí, nítorí náà ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe nígbà náà. “Mo sin ilẹ̀ baba mi” kò lè gba iṣẹ́ fún yín. “Mo kọ́ kíláàsì mẹ́ta ní ìṣirò, mo sì ń ṣe àkọsílẹ̀ máàkì wọn lórí Excel” lè gbà á.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò
Nílé, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró kò lẹ́kọ̀ọ́. Níbí, bí ẹ bá ń wolẹ̀, wọ́n lè rò pé ọkàn yín kò balẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ń pe ọ̀gá, ẹ má fi “sà” àti “mà” dá ara yín lágara. Bí wọ́n bá sì béèrè iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, ẹ má fi ti yín pa mọ́ sáàárín ẹgbẹ́: ẹ sọ ìṣòro tó wà nílẹ̀, ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe sí i, àti ibi tó já sí.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́
Inú Ìlú Ọba ni ẹ ti ń béèrè fún Graduate visa, físà tó ń jẹ́ kí ẹ dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí físà akẹ́kọ̀ọ́ tó tán, lẹ́yìn tí yunifásítì bá ti sọ fún Home Office pé ẹ ti yege. Ọdún 2 ni, ọdún 3 fún ẹni tó gba PhD. Ẹni tó kàwé gba dígírì tàbí másítà, tó bá béèrè láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2027, oṣù 18 ni yóò gbà. Kò ṣeé sún síwájú, nítorí náà ẹ tètè máa wá iléeṣẹ́ tó lè gbé yín bọ́ sí físà Skilled Worker, ìyẹn físà òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Orúkọ àwọn tó ní láísẹ́ǹsì rẹ̀ wà lórí ìkànnì ìjọba. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta CoS (Certificate of Sponsorship, ìwẹ́ẹ̀rí onígbọ̀wọ́ tí iléeṣẹ́ ń fúnni fún físà yìí) fún yín, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ sá fún un.

Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì careers. Wọ́n á ka CV yín, wọ́n á sì fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dán yín wò, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ gba àyè lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yìí.