Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ sí òṣèlú, òfin ti ṣílẹ̀kùn fún yín. Láti ọdún 2018, ẹni ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí ti aṣojú-ṣòfin l'Abuja. Ẹni ọdún 35 lè du ipò ààrẹ. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò san owó fọ́ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà kò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ẹ má tíì tẹ pósítà. Ẹ gba káàdì ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ máa lọ sí ìpàdé, àní èyí tó ń súni pàápàá (ọ̀pọ̀ ló sì ń súni). Ìdìbò abẹ́lé, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń yan olùdíje, ni owó ti ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Ẹ rántí "dìbò kó o sebẹ̀", ìyẹn fífi owó ra ìbò, tó gbòde ní Èkìtì lọ́dún 2018. Ẹ má bú ẹni tó gbowó náà. Ebi ń pa á, ó sì mọ̀ pé olóṣèlú kì í padà wá lẹ́yìn ìbò. Ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àsìkò ìbò tó dé, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí apá yín ò ká fún un.

Lọ́jọ́ ìbò, aṣojú yín níbùdó ìdìbò wúlò ju ọkọ̀ agbóhùnsókè lọ. Kó mọ fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ìbò ibùdó náà sí, kó ka iye ìbò inú rẹ̀ dáadáa kó tó buwọ́ lù ú, kó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fìdí rẹmi ní tòótọ́, ẹ pe ẹni tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ kí i.