Bí A Ṣe Ń Tún Dífẹ́rẹ́ńṣà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tò Nílé

Tí danfo bá ń kùn hùn-ùn láti ẹ̀yìn, tí ariwo náà sì ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, àwọn èrò á ní táyà ni. Ó lè jẹ́ dífẹ́rẹ́ńṣà. Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ rẹ̀ ká tó tú u.

Iṣẹ́ rẹ̀

Tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, táyà òde máa ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Ẹ fi ìṣirò òbírí tí a kọ́ ní kíláàsì wò ó: bí àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá jẹ́ mítà 1.4, tí ọkọ̀ sì yà ní 90°, ìyàtọ̀ ìrìn wọn jẹ́ 1.4 × π ÷ 2, ìyẹn nǹkan bíi mítà 2.2. Bí irin kan ṣoṣo bá so wọ́n pọ̀, ọ̀kan á máa wọ́ nílẹ̀. Àwọn jíà kékeré inú dífẹ́rẹ́ńṣà ló ń jẹ́ kí táyà kọ̀ọ̀kan yí bó ṣe yẹ ẹ́.

Píníọ̀nù ló ń gba agbára lọ́wọ́ pùròpẹ́là, tó ń yí kìráwùn. Bí kìráwùn bá ní eyín 41, tí píníọ̀nù ní 10, píníọ̀nù á yí ní ìgbà 4.1 kí kìráwùn tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Títú u

1. Ẹ fi igi dí táyà iwájú. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e lé sítáǹdì irin. Jáàkì nìkan kò tó o! Ó lè jò, kí ọkọ̀ já lu ènìyàn.
2. Ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ sínú abọ́, kí ẹ wò ó dáadáa. Irin kíkúnná bí ìyẹ̀fun, gbígbó lásán ni. Èérún eyín, wàhálà dé nìyẹn.
3. Ẹ yọ pùròpẹ́là, ẹ fa ṣáàfù méjèèjì, kí ẹ wá tú ilé dífẹ́rẹ́ńṣà. Ó wúwo, ẹni méjì ni kó gbé e.
4. Kí ẹ tó tú ìdérí béárìn, ẹ lu àmì sí i: ọ̀kan fún òsì, méjì fún ọ̀tún. Ibi tí kálukú wà tẹ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ padà sí.

Títò ó padà

Kìráwùn àti píníọ̀nù bí ìbejì ni wọ́n: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, méjèèjì la ń pààrọ̀. Ẹ fi béárìn àti síìlì tuntun sí i.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àlàfo àárín eyín. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ó máa ń jẹ́ nǹkan bíi 0.13 sí 0.18 mm, bí ewé ìwé méjì tí a pa pọ̀. Ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n. Géèjì olójú aago la fi ń wọ̀n ọ́n. Ìwé ọkọ̀ yẹn ni kí ẹ tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà díẹ̀ pa eyín kìráwùn, kí ẹ yí i. Àmì tí píníọ̀nù bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín, kì í ṣe létí.

Àwọn kan á ní, "Ṣáà fún un kó le." Rárá o! Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá fún jù, béárìn á gbóná, á jó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì lè dì lójijì lórí eré. Bó bá tú jù, eyín á máa gbá ara wọn títí wọn á fi kán.

Níkẹyìn, ẹ da ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá sọ sí i títí yóò fi dé etí ihò tí a ń gbà dà á. Ẹ nu ihò ìmí rẹ̀ pẹ̀lú; bó bá dí, ọ́ìlì á gba ojú síìlì jáde.

Àwa tí à ń ti ilé wá síléèwé lójoojúmọ́, orí béárìn yìí la jókòó lé. Ẹni tó bá ń tún un ṣe, ẹ̀mí wa ló dì mú.

Ìbéèrè: bí kìráwùn bá ní eyín 43, tí píníọ̀nù ní 11, ìgbà mélòó ni píníọ̀nù máa yí kí kìráwùn tó yí lẹ́ẹ̀kan? Ẹ mú ìdáhùn yín wá bá wa ní ìpàdé ẹgbẹ́ oníròyìn.