Kókó Tó Ń Lù Lẹ́yìn Orúnkún

*Dókítà, Ijora-Badia ni mò ń gbé, mo máa ń ru páálí ẹja ní kóòdù rúùmù. Ọmọ ọdún 36 ni mí, NIMR ní Yaba ni mo ti ń gba oògùn HIV. Nǹkan kan wú lẹ́yìn orúnkún mi, ó ń lù kì kì kì. Ìyá tó ń fi òróró ra á fún mi ní eéwo ni, ká là á. Ẹ̀gbọ́n mi ní bó bá jẹ́ iṣan ni, wọ́n á la ẹsẹ̀ mi láti òkè délẹ̀.*

Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí abẹ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ra á. Eéwo kì í lù bí ọkàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ tí ògiri rẹ̀ ti rọ̀, tó wá wú bí bàlúùnù. Bí ẹ bá là á nílé, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Bí ẹ bá ń ra á, ẹ̀jẹ̀ dídì lè já nínú rẹ̀, kó lọ dí ọ̀nà mọ́ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbé páálí ẹja sílẹ̀ ná.

Ní Durban, ní South Africa, àwọn oníṣẹ́ abẹ ti rí irú èyí lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní HIV: ní ọrùn, ní itan, lẹ́yìn orúnkún, nígbà míì ju ojú kan lọ. Nítorí náà, kí wọ́n yẹ gbogbo ara yín wò.

Iṣẹ́ abẹ tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ ṣì wà, òun ló sì máa ń dára jù fún ẹlòmíì, torí orúnkún máa ń ká, ó sì lè tẹ ohun tí wọ́n bá fi sínú òpó ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí kò gba pé kí wọ́n la ẹsẹ̀. Wọ́n á pa ibi tí itan ti pàdé ikùn kú, wọ́n á gún un, wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú òpó ẹ̀jẹ̀, wọ́n á máa fi x-ray tọ̀ ọ́ títí dé ibi tó wú. Ibẹ̀ ni wọ́n á fi stent, ìyẹn ọ̀pá wáyà oníhò tí wọ́n faṣọ bò, sí, kí ẹ̀jẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Bí kòkòrò àrùn bá ti wọ ibi tó wú náà, wọn kì í sábà fi stent sí i.

Ẹ padà sí NIMR kíá, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà fún àyẹ̀wò Doppler, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn. Bí ẹsẹ̀ bá tutù tàbí tó kú tipiri, ẹ má dúró de ìwé, pàjáwìrì ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn máa ń fi oògùn HIV pamọ́ fún dókítà iṣan nítorí ìtìjú. Lẹ́yìn stent, wọ́n sábà máa ń fúnni ní aspirin àti clopidogrel kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Ritonavir, tó wà nínú àwọn oògùn HIV kan, kì í jẹ́ kí clopidogrel ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, ẹ tẹ́ ẹ síwájú dókítà. Ẹ má sì dá èyíkéyìí dúró fúnra yín.