Wàrà Láti Àárín Farth àti Ẹ̀jẹ̀: Bí Purotéènì Ṣe Ń Dà Nínú Ikùn Màlúù àti Ìdájọ́ Oúnjẹ Tí À Ń Fún Un

Ìfáárà

 

Nínú Sūrah an-Naḥl, āyah 66, Ọlọ́hun pe ọmọ ènìyàn láti kíyè sí ẹran ọ̀sìn. Āyah náà fi hàn pé wàrà mímọ́ tí à ń mu ń jáde láti àárín farth, ìyẹn ohun jíjẹ tí ó wà nínú ikùn ẹran, àti ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan a máa ka āyah yìí kọjá láìronú sí i; àwọn mìíràn a sì sọ ọ́ di ìwé ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì. Iṣẹ́ yìí kò tọ ọ̀nà méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí purotéènì, èròjà oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, ṣe ń dà nínú ikùn màlúù, kí á sì fi ìmọ̀ náà wo ìbéèrè kan tí ó kan ẹni tí ń sin màlúù àti ẹni tí ń mu wàrà: bí màlúù bá jẹ ìgbẹ́ adìyẹ tàbí èérí ọkà láti ilé iṣẹ́ ọtí, kí ni ìdájọ́ wàrà rẹ̀?

Ohun tí ar-Rāzī rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn 'Abbās pé bí oúnjẹ bá dé inú ikùn ẹran, ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di farth, àárín rẹ̀ a di wàrà, òkè rẹ̀ a sì di ẹ̀jẹ̀. Fakhru d-Dīn ar-Rāzī, ẹni tí ó kú ní ọdún 1210, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ìtumọ̀ Al-Kùránì rẹ̀, kò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tí ó mú wá kò jìnnà: ìgbà gbogbo ni à ń pa ẹran, kò sì sí ẹni tí ó la ṣàkì tí ó bá ẹ̀jẹ̀ tàbí wàrà nínú rẹ̀ rí. Lójú tirẹ̀, èyí tí ó dára nínú oúnjẹ ni ó ń di ẹ̀jẹ̀, nínú ọmú ni ẹ̀jẹ̀ náà sì ti ń di wàrà. Òye tí àwọn ènìyàn fún āyah ni ó yẹ̀ wò, kì í ṣe āyah fúnra rẹ̀. Ohun tí ojú alápatà rí ni ó fi ṣe ẹ̀rí, èyí kò sì dín ọ̀wọ̀ āyah kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó là yìí ni a fẹ́ tọ̀.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn

Ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ ni màlúù, ikùn rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tí ó tóbi jù ni ṣàkì, tí ó lè gbà ju 100 lítà lọ lára màlúù ńlá. Inú èkejì rí bí afárá oyin. Ẹ̀kẹta ní abala púpọ̀ bí ojú ewé ìwé. Ẹ̀kẹrin ni àpòlúkù gan-an, tí ó ní omi kíkan bíi ti ènìyàn.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ inú ṣàkì. Nínú mílílítà kan omi ṣàkì, iye wọn ju bílíọ̀nù kan lọ. Àwọn ni wọ́n ń fọ́ koríko tí ikùn ènìyàn kò lè dà. Bí purotéènì bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n a tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ títí yóò fi di àmóníà; lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi àmóníà yìí mọ purotéènì tuntun sí ara tiwọn. Nígbà tí oúnjẹ bá ṣàn lọ sí àpòlúkù, àwọn kòkòrò náà a bá a lọ, omi kíkan a pa wọ́n, ara wọn a sì dà bí oúnjẹ. Ìdajì purotéènì tí ó ń dé inú ìfun màlúù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara àwọn kòkòrò wọ̀nyí ni ó ti wá. A lè sọ pé kòkòrò ni darandaran ń bọ́, kòkòrò sì ni ó ń bọ́ màlúù.

Artturi Virtanen, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945, fi èyí hàn gbangba. Ní ọdún 1966 ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí àwọn màlúù tí kò sí purotéènì nínú oúnjẹ wọn. Yúríà àti iyọ̀ àmóníà ni ó fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn màlúù náà fún un ní wàrà tí ó ní purotéènì, ọ̀kan nínú wọn sì fún un ní ohun tí ó ju 4,000 kìlógíráàmù lọ láàárín ọdún kan.

Àmóníà tí ó bá ṣẹ́kù nínú ṣàkì a wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sì sọ ọ́ di yúríà. Apá kan nínú rẹ̀ a bá ìtọ̀ jáde. Apá kejì a gba inú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ẹnu padà sínú ṣàkì, kí àwọn kòkòrò lè tún un lò. Nítorí náà, láàárín farth àti ẹ̀jẹ̀, àlọ wà, àbọ̀ sì wà. Nǹkan bí 500 lítà ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gba inú ọmú kọjá kí lítà wàrà kan tó jáde. Bí ó ti wù kí ó rí, casein, tí ó tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún purotéènì wàrà, kò sí nínú ṣàkì, kò sì sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmú ni ó ń mọ ọ́ láti inú àwọn èròjà kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ní àríwá Nàìjíríà

Bí òjò bá dá ní àríwá Nàìjíríà, koríko pápá a gbẹ, purotéènì inú rẹ̀ a sì dínkù. Bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kòkòrò ṣàkì kò ní rí ohun tí ó tó fi mọ ara wọn. Koríko a pẹ́ nínú ikùn láìdà, màlúù kò ní lè jẹ púpọ̀ mọ́, wàrà a sì gbẹ. Pápá lè kún fún koríko gbígbẹ, kí ebi sì máa pa màlúù.

Ìdí nìyí tí àwọn Fúlàní àti àwọn àgbẹ̀ fi ń fún màlúù ní ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ, kúlíkúlí, àti kóró òwú tí wọ́n ti fún epo rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ra nǹkan wọ̀nyí. Ìgbẹ́ adìyẹ àti èérí ọkà láti ilé iṣẹ́ ọtí sábà máa ń dínwó jù wọ́n lọ. Ìgbẹ́ adìyẹ sì ní ohun tí àwọn kòkòrò ṣàkì lè sọ di àmóníà, kí wọ́n sì fi mọ purotéènì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe pẹ̀lú yúríà Virtanen. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn àáfà.

Ìdájọ́ àwọn onímọ̀

Ibn 'Umar gbà á wá pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti jẹ jallālah, ìyẹn ẹran tí ó sọ jíjẹ ẹ̀gbin di ìṣe, ó sì kọ̀ wàrà rẹ̀ pẹ̀lú. Hádíìsì náà wà lọ́dọ̀ Abū Dāwūd àti at-Tirmidhī. Àwọn onímọ̀ yapa lórí bí ìkọ̀ náà ti le tó. Lọ́dọ̀ àwọn Shāfi'ī, èyí tí an-Nawawī sọ pé ó lágbára jù ni pé mákúrúhù ni, bí òórùn ẹran náà bá yí padà. Nínú madhhab Mālik, tí ó gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun tí ó wà nínú Mukhtaṣar Khalīl ni pé ẹran tí jíjẹ rẹ̀ jẹ́ hàlálì kò kúrò ní hàlálì nítorí pé ó di jallālah.

Ìgbẹ́ adìyẹ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nájísì ni lọ́dọ̀ àwọn Shāfi'ī. Lọ́dọ̀ àwọn Mālikī, ìgbẹ́ ẹran tí ó jẹ́ hàlálì mọ́, àyàfi bí ẹran náà bá ń jẹ nájísì. Nítorí náà, kí á tó dáhùn lórí màlúù, ó yẹ kí á béèrè ohun tí adìyẹ jẹ. Àwọn kan a máa po ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ láti ilé ìpẹran mọ́ oúnjẹ adìyẹ nítorí purotéènì inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn jẹ́ hàrámù gẹ́gẹ́ bí Sūrah al-An'ām, āyah 145, ti fi hàn, nájísì sì ni. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ń jẹ ẹ́ kò mọ́ mọ́, kódà lọ́dọ̀ àwọn Mālikī. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún iyèméjì yóò kó màlúù náà síbi oúnjẹ mímọ́ fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó tó mu wàrà rẹ̀.

Ní ti èérí ọkà, ó yẹ kí á mọ ìgbà tí wọ́n yọ ọ́. Ní ilé iṣẹ́ bíà òde òní, wọ́n a sẹ́ èérí kúrò lára omi ọkà kí wọ́n tó fi ìwúkàrà sí omi náà. Èérí náà kò tíì di ọtí, kò sì bá ọtí gbé. Ìwúkàrà tí ó ti ṣe ọtí tán, àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí bàbà bí burukutu, ti bá ọtí gbé. Ẹni tí ó bá fún méjèèjì ní ìdájọ́ kan náà kò tíì wádìí.

Ohun tí ikùn kò lè wẹ̀

Ẹnìkan lè sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí ṣàkì ń tú purotéènì palẹ̀ tí ó sì ń tún un mọ, ohun gbogbo ni ó ń sọ di mímọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi ẹran òkú àti egungun lílọ̀ bọ́ màlúù nítorí purotéènì. Ní ọdún 1986 ni wọ́n dá àrùn tí ń sọ màlúù di wèrè mọ̀. Purotéènì kan tí ó dàrú, tí ikùn kò lè tú palẹ̀, ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ní ọdún 1988 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin dá oúnjẹ náà dúró fún ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni kúlíkúlí tí ó bu. Èèbu kan a máa mú oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin wá sínú ẹ̀pà. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, apá kan oró náà a yí padà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, a sì bọ́ sínú wàrà. Ẹ̀pà jẹ́ hàlálì, kì í sì í ṣe nájísì. Wàrà náà kò ní òórùn, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ó bá wo òórùn àti àwọ̀ nìkan yóò sọ pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ń mu oró. Níbí ni ìlànà fíkíhù tí ó kọ ìpalára ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a rí kọ́ ni pé ṣàkì lágbára láti sọ ohun tí kò níye lórí di purotéènì, ṣùgbọ́n agbára náà ní ààlà. Ó tọ́ kí àáfà béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó ṣe fátúwà lórí wàrà: kí ni màlúù jẹ, kí ni ohun náà dà nínú ikùn rẹ̀, kí ni ó sì kù tí ó bọ́ sínú wàrà? Ìbéèrè àkọ́kọ́, darandaran ni yóò dáhùn rẹ̀. Méjì yòókù, onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ni. Bí ar-Rāzī kò bá kà á sí àbùkù láti fi ohun tí alápatà rí ṣe ẹ̀rí, kò yẹ kí ó ti àwa lójú láti bi wọ́n. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.